Ọmọ mi tíṣà ní Leeds ní kí n wá lo họ́lidé lọ́dọ̀ òun: oṣù wo ni kí n lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta àdìrẹ. Àkọ́bí mi obìnrin, tíṣà Maths ni ní Leeds, òun àti ọkọ ẹ̀ àti ọmọ wọn tó máa tó pé ọdún mẹ́ta. Ó ní kí n wá lo họ́lidé lọ́dọ̀ àwọn. Èmi fẹ́ lọ ní December ká lè jọ ṣe Kérésì. Òun náà ní tí mo bá lè dúró pẹ́ díẹ̀, màá máa bá òun mójú tó ọmọ tí òun bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ́jẹ́ǹtì kan wá ní kí n kọ oṣù mẹ́fà sínú fọ́ọ̀mù, pé òun á bá mi wá owó tí wọ́n máa rọ́ sínú àkáǹtì mi. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán o, Màmá wa. Ẹ kú oríire ọmọ, Ọlọ́run á dá a sí fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹ́jẹ́ǹtì yẹn kúrò nílẹ̀ torí òun gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan àkáǹtì yín o, bó ti wù kó mọ̀rọ̀ sọ tó. Màá padà sórí owó yẹn. Ìyókù ìdáhùn mi ò gùn: ẹ má lọ ní December, ìparí July ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó pọ̀ jù márùn-ún, kẹ́ ẹ ti wà ní Òṣogbo kí ilé ìwé wọn tó wọlé ní September. Ìdí ẹ̀ ló máa gba àlàyé, torí ẹni tó ń lọ kí tíṣà ò lè ṣe bíi ti ẹni tó ń lọ kí nọ́ọ̀sì.

Ẹni tọ́mọ ẹ̀ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ yẹn lè bẹ ọ̀gá ẹ̀ pé ìyá òun ń bọ̀ ní March, wọ́n á bá a yí ṣíìfù ẹ̀, á rí ọ̀sẹ̀ méjì gbà. Tíṣà ò nírú àǹfààní yẹn rárá. Ní England, ọjọ́ 195 ni àdéhùn iṣẹ́ wọn ní kí tíṣà wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún, 190 fún kíkọ́ ọmọ, márùn-ún tó kù fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà fúnra wọn, ibi tí ìsinmi sì wà nínú ọdún ti wà lórí kàlẹ́ńdà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí October, bí ọ̀sẹ̀ méjì fún Kérésì, ọ̀sẹ̀ kan ní February, ọ̀sẹ̀ méjì fún Ọdún Àjíǹde, ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí May, lẹ́yìn náà ni ńlá tó jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin July títí wọ September. Yàtọ̀ sí àwọn ọ̀sẹ̀ yìí, àyàfi tó bá jẹ́ àìsàn tàbí òkú, kò sí pé mo fẹ́ gbàyè. Ìyá ẹni dé láti Nàìjíríà ò sí lára ohun tí hẹ́dímásítà ń torí ẹ̀ fúnni láyè.

Àwọn tíṣà wa tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ gan-an báyìí, pàápàá láti February 2023 tí ìjọba England ti ṣí ọ̀nà fáwọn tíṣà láti orílẹ̀-èdè mélòó kan tí Nàìjíríà wà lára wọn láti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà tibẹ̀, àwọn tó ń kọ́ Maths, sáyẹ́ǹsì àti èdè. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà àwọn ìyá àti bàbá tó ń béèrè irú ìbéèrè tẹ́ ẹ bèèrè yìí ti ń pọ̀ sí i, àṣìṣe kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣe: wọ́n á mú déètì tó wu àwọn, tàbí ti ọjọ́ ìbí, tàbí ìgbà tí owó bá wọlé, wọn ò ní wo kàlẹ́ńdà ilé ìwé. Wọ́n á wá dé October, ọmọ á jáde nílé aago méje àárọ̀, á wọlé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, á tún kó ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé dání tó fẹ́ máàkì, ìyá á wà nínú ilé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, kò mọ ẹnì kankan ládùúgbò, ẹni tó sì mọ̀ náà kì í kanlẹ̀kùn. Ẹni tó ti lo ayé ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ń wọlé tó ń jáde, ẹ wò ó bó ṣe máa rí lára ẹ̀.

Ẹ ó ní Kérésì ńkọ́, ṣebí wọ́n ń gba ìsinmi nígbà yẹn. Wọ́n ń gbà á. Ṣùgbọ́n táàmù tó bẹ̀rẹ̀ ní September tó parí ní December, òun ló gùn jù tó sì le jù fún tíṣà, ó ti rẹ̀ wọ́n dé egungun kó tó parí, àwọn míì á kàn ṣubú sórí ibùsùn pẹ̀lú òtútù ní ọjọ́ tí ilé ìwé bá padé, ọ̀sẹ̀ méjì náà ti wá lọ kó tó lè dìde dáadáa. Leeds ní December, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an rélùwéè kì í rìn, bọ́ọ̀sì náà ò fi bẹ́ẹ̀ sí, tí wọn ò bá ní mọ́tò inú ilé lẹ ó wà. Ẹni tí kò tíì rí òtútù rí tó wá fi December bẹ̀rẹ̀, ó máa gba kóòtù, bùútù, ìbọ̀wọ́, gbogbo ẹ̀ owó. Tẹ́ ẹ bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan rí tẹ́ ẹ mọ bó ṣe rí, ẹ lè wá ṣe Kérésì lọ́dún míì, n ò sọ pé ẹ má ṣe é láéláé.

Mo mọ̀ pé August ní ìnira tiẹ̀ fún yín, torí ìgbà yẹn ni ọdún Ọ̀ṣun, àlejò ń wọ Òṣogbo láti ibi gbogbo, wọ́n sì ń ra àdìrẹ. December náà sì lọjà ń tà. Kò séyìí tí ò ní mú nǹkan lọ nínú méjèèjì, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ lè fi ṣọ́ọ̀bù sí lọ́wọ́, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa kọ ohun tó bá tà sílẹ̀. Ìwé títà yẹn á wúlò fún nǹkan míì tí mo fẹ́ sọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe déètì nìyí. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó fi kàlẹ́ńdà ilé ìwé tiẹ̀ gangan ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe ti kánsù Leeds, torí àwọn ilé ìwé míì ló ń yan déètì tiwọn, ó lè fi ọjọ́ díẹ̀ yàtọ̀. (Ẹ̀yin tọ́mọ yín wà ní Scotland, ẹ má lo èyí tí mò ń sọ o: ìparí June ni tiwọn ń padé, àárín August ni wọ́n ti ń wọlé.) Ẹ má balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé fẹ́ padé, ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ń kó kíláàsì, tí wọ́n ń parí ìjábọ̀, orí ẹ̀ á gbóná. Ẹ jẹ́ kó sùn fọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kó tún ilé ṣe, kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ jẹ́ kó tún yé yín pé ìsinmi tíṣà kì í ṣe ìsinmi tán pátá: ní àárín August, ní ọjọ́ Thursday kan, èsì ìdánwò A-level tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì máa jáde, Thursday tó tẹ̀ lé e ni ti GCSE tó dà bíi WAEC tiwa, tíṣà Maths á sì fẹ́ lọ síléèwé láàárọ̀ yẹn lọ wo báwọn ọmọ ẹ̀ ṣe ṣe. Ẹ má bínú tí fóònù ẹ̀ bá ń dún nígbà tẹ́ ẹ jọ ń jẹun. Tó bá wá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ilé ìwé wọlé, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ẹ̀kọ́ táàmù tuntun. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Kàlẹ́ńdà yìí kan náà ló máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó máa wo fọ́ọ̀mù físà yín. Ohun tí òfin ní kí onítọ̀hún mọ̀ kọ́kọ́ ni pé ẹ ó kúrò ní ìlú Ọba tí àbẹ̀wò bá parí, pé ẹ ò ní máa fi àbẹ̀wò lórí àbẹ̀wò gbé ibẹ̀, pé ohun tẹ́ ẹ sọ pé ẹ ń lọ ṣe náà lẹ fẹ́ lọ ṣe, àti pé owó wà tó máa gbé yín lọ gbé yín bọ̀. Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú tiẹ̀ wò ó: obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tọ́mọ ẹ̀ wà níbẹ̀, tọ́mọ ọmọ ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní oṣù mẹ́fà lòun fẹ́ lò. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni pé ta ló ń tajà fún un fóṣù mẹ́fà? Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ọjọ́ báyìí ni ilé ìwé ọmọ mi padé, ọjọ́ báyìí ni mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, ọjọ́ báyìí ni wọ́n ń wọlé padà, mo sì ń padà sílé kó tó di ọjọ́ yẹn torí òun náà á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tẹ́ ẹ wá tẹ kàlẹ́ńdà yẹn jáde tẹ́ ẹ fi sára ìwé, kí ló tún kù tó fẹ́ béèrè nípa déètì? Ó ti rí ìdí tẹ́ ẹ fi ń lọ àti ìdí tẹ́ ẹ fi ń bọ̀ lójú kan náà.

Ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì yín ò sọ ni pé físà àbẹ̀wò lásán, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, ìbáà ṣe ọ̀sẹ̀ méjì lo béèrè. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan tẹ́ ẹ bá kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n á sì wo bẹ́ ẹ ṣe lo àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gba òmíràn. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó rọrùn fún un láti tún béèrè ju ẹni tó ku ọ̀la kí físà ẹ̀ kú kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo mọ̀ pé ọmọ yín ò ní ibi lọ́kàn, owó tí wọ́n ń san sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ ní ìlú Ọba lè gbé èèyàn lómi mì, ìyá ẹni ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi físà àbẹ̀wò wọlé ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ físà ń tẹ̀ lé gbà kí ẹbí tó wá kí ẹbí bá wọn mójú tó ọmọ, tó bá ti jẹ́ àbẹ̀wò kúkúrú, tí kò sì dà bíi pé ńṣe ni wọ́n gbà á síṣẹ́ ọmọ títọ́jú. Ìyá àgbà bá ọmọ ọmọ ẹ̀ ṣeré, ó wẹ̀ fún un, ó pọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó máa mú un. Àmọ́ tí lẹ́tà tí ọmọ yín fi pè yín bá kà pé màmá mi ń bọ̀ wá tọ́jú ọmọ mi kí n lè ráyè lọ síbi iṣẹ́, iṣẹ́ lẹ ń lọ ṣe nìyẹn, wọ́n á sì kọ̀ ọ́. N ò wá ní kẹ́ ẹ fi pa mọ́ o, kẹ́ ẹ kọ nǹkan kan kẹ́ ẹ lọ ṣe òmíràn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ yí ètò yẹn padà ní tòótọ́: tó bá jẹ́ ìgbà họ́lidé lẹ lọ, òun fúnra ẹ̀ wà nílé, ọ̀rọ̀ pé kẹ́ ẹ gbaṣẹ́ ọmọ títọ́jú ò tiẹ̀ jẹ yọ. Ẹ sì bá mi sọ fún un pé láti táàmù tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tí ọmọ yẹn bá pé ọdún mẹ́ta, wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ló tọ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, wọn ò wo irú físà tí àwọn òbí ẹ̀ fi wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa míì wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀, wọ́n ń sanwó lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Owó wàyí. Kò sí iye kan pàtó tí òfin ní ó gbọ́dọ̀ wà lákáǹtì ẹni tó fẹ́ gba físà àbẹ̀wò, ẹni tó bá dá iye kan fún yín, ńṣe ló ń fi yín ṣòwò. Ohun tí wọ́n ń wò ni ibi tí owó ti wá àti bó ṣe bá ìgbé ayé yín mu. Ẹ fi ti yín wé ti ẹni tó rọ́ mílíọ̀nù lọ́nà méje wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Pẹ́ńṣọ̀n yín ń wọlé lóṣooṣù, owó ọjà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ ń yọ ti iná, ti àjọ, ti alájẹṣẹ́kù, èyíinì rí bíi báǹkì èèyàn gidi. Owó tó kàn já wọ inú ẹ̀ lójijì, ojú wọn máa ń là sí i ni. Tí wọ́n bá sì rí i pé ìwé tẹ́ ẹ mú wá kì í ṣe òótọ́, kì í ṣe pé wọ́n kàn kọ̀ fún yín, wọ́n lè tì yín sẹ́yìn fọ́dún mẹ́wàá, orúkọ yín ló máa wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹ́jẹ́ǹtì. Ọmọdé ọdún mẹ́ta yẹn á ti di ọmọ ọdún 13.

Ọmọ yín ló ń sanwó, àbí? Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lọ́dún ilé ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní September 2025, tíṣà tó wà ní ipele ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá níta London ń gba £32,916 lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó orí, ọkọ ẹ̀ náà á sì máa ṣiṣẹ́, wọ́n lágbára láti gbàlejò ìyá fọ́ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kó kọ lẹ́tà kúkúrú pé òun ló ń san tíkẹ́ẹ̀tì, ilé òun lẹ ó sùn sí, yàrá mélòó ló wà níbẹ̀, kó fi páyísílíìpù ẹ̀ ti oṣù mẹ́ta sí i, sítétímẹ́ǹtì báǹkì, àdéhùn ilé, àti ìwé tó fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fi ti yín: ìwé ìfẹ̀yìntì, sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà, ìwé ilé tẹ́ ẹ bá ní, ìwé ṣọ́ọ̀bù, ìwé títà tí mo ní kẹ́ ẹ máa kọ, ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín.

Ibi tó máa ń dá àwọn màmá wa dúró jù ni orúkọ. Ẹ ó rí i pé Fọláṣadé Àṣàkẹ́ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù, báǹkì kọ Sadé, ìwé ìbí ọmọ wá kọ Màmá pẹ̀lú orúkọ bàbá ti bàbá ẹ̀, ọmọ náà ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ ẹ̀ ló ń jẹ́ nísìnyí, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n? Ẹ kó gbogbo ìwé sórí tábìlì kan lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ fi wọ́n tira wọn, ẹ ka orúkọ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè. Ìwé ìbí ọmọ tí orúkọ yín wà lára ẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó ẹ̀ ló máa so yín pọ̀. Tí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ lọ búra ní kóòtù kí wọ́n kọ áfídáfíìtì fún yín, kẹ́ ẹ ṣe é báyìí, kì í ṣe ọjọ́ tó ku ọ̀la.

Orí gov.uk, ìkànnì ìjọba ìlú Ọba, nìkan ni wọ́n ti ń kún fọ́ọ̀mù náà, ọmọ yín gan-an lè jókòó síbẹ̀ bá yín kún un lórí fóònù, kẹ́ ẹ máa dá a lóhùn. Ní April 2025, £127 ni wọ́n sọ owó fọ́ọ̀mù dà, ẹ wo iye tó jẹ́ báyìí lórí gov.uk kan náà. Ẹ ò lè kún un ju oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rìn lọ. Tó bá jẹ́ ìparí July lẹ ń lọ, ìparí April tàbí ìbẹ̀rẹ̀ May ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn yẹn ni gbogbo ayé ń béèrè. Ẹ ó wá lọ tẹ̀ka ní Èkó tàbí Àbújá, wọ́n sábà máa ń fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ò kàn yín torí kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, ẹ yẹra fún un. Tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má rà á kí físà tó dé. Òótọ́ ni pé ó máa ń wọ́n ní July torí àwọn olówó ń kó ọmọ wọn lọ lo họ́lidé níbẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá mú àárín ọ̀sẹ̀ dípò Friday ó máa ń dín kù.

Láti Èkó sí London, bíi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni fún ọkọ̀ òfuurufú tó bá lọ tààrà, British Airways, Virgin Atlantic, Air Peace náà ti ń lọ láti March 2024. Leeds tún wá jìnnà sí London, ó lé ní wákàtí méjì nínú rélùwéè láti ibùdókọ̀ King's Cross, kẹ́ ẹ tó dé King's Cross láti pápákọ̀ Heathrow náà wákàtí kan ti lọ. Àǹfààní họ́lidé tún nìyẹn: ọmọ yín ráyè wá pàdé yín ní pápákọ̀, ẹ ò ní dá wà. Ẹ fi lẹ́tà ẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù ńlá, torí ẹni tó máa wo pásípọ́ọ̀tù yín lè béèrè ẹni tẹ́ ẹ wá kí àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ń padà. Ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù náà lẹ máa sọ.

Ẹrù! Ẹran kankan ò wọlé o: pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́, súyà, kílíṣí, bẹ́ẹ̀ náà ni wàrà, wọ́n á gbà á dànù ni. Ẹja gbígbẹ kò léèwọ̀, tí kò bá ti ju kílò 20 lọ. Gàrí, èlùbọ́, ata gígún, kò sí wàhálà. Ewédú tútù, ata rodo tútù, iṣu, àwọn wọ̀nyí gba ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò irúgbìn láti ilé, ẹ má dààmú ara yín, wọ́n ń ta oúnjẹ wa ní ọjà Kirkgate láàárín ìgboro Leeds. Ti àdìrẹ ló yẹ kí n tẹnu mọ́ fún yín. Ẹ mú méjì mẹ́ta lọ fún ọmọ yín àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá di ìdìpọ̀ ogún torí pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ní òun á rà, ọjà lẹ ń tà nìyẹn, ẹni tó ní físà àbẹ̀wò ò sì gbọdọ̀ tajà fún aráàlú níbẹ̀. Ẹrù tó bá sì kọjá £390 lápapọ̀, yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ ń lò fúnra yín, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà tẹ́ ẹ bá ń lò, ẹ kó èyí tó máa tó yín dé ilé, kó wà nínú páálí tiẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ ra ìnṣúrẹ́ǹsì ìrìn àjò, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, wọn ò ní gbowó ní ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé yín wọ wọ́ọ̀dù, àlejò ń san ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà jẹ́, gbèsè £500 tẹ́ ẹ ò san sì tó láti fi kọ físà fún yín lọ́jọ́ míì. Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò: ibà. Ẹ lè gbé e láti ilé kó má jẹ yọ àfìgbà tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Dókítà tó wà ní Leeds, ibà kọ́ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Tára yín bá gbóná, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín ni pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ọmọ yín mọ ibi tó máa mú yín lọ ju mi lọ. Kó gbé yín lọ Roundhay Park, ó tóbi, ọ̀fẹ́ ni. Oòrùn ò ní tètè wọ̀ ní ìparí July, tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ilẹ̀ ṣì mọ́, ó máa ń da àwọn èèyàn wa láàmú láti sùn. Tí déètì bá gbà kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ Monday tó kẹ́yìn August, àwọn ará West Indies tó wà ní Chapeltown ń ṣe kánífálì wọn lọ́jọ́ náà, ọdún 1967 ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní eégún á gbádùn ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ gbé déètì tẹ́ ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù sọnù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ din ata, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì, torí àlámù èéfín tó wà lókè àjà ò mọ̀ pé ọbẹ̀ lẹ ń sè, ariwo tó máa pa á, ọmọ kékeré yẹn á fò sókè. Kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ tiyín fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ́ yín ní bọ́ọ̀sì tó ń lọ ìgboro, kẹ́ ẹ lè jáde nígbà tó bá wù yín, kẹ́ ẹ má jókòó máa dúró de ẹnikẹ́ni.

Tí wọ́n bá wá kọ físà náà, mo gbàdúrà kó má rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sáré kún òmíràn lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún físà àbẹ̀wò bí irú èyí, ohun tó wà ni kẹ́ ẹ tún béèrè lákọ̀tun, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ nínú fọ́ọ̀mù tuntun pé wọ́n ti kọ̀ ọ́ rí. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ máa sọ ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ó sábà máa ń jẹ́ owó tí wọn ò mọ orísun ẹ̀ tàbí ohun tó máa gbé yín padà wálé. Ẹ ya gbogbo ojú ewé ẹ̀ ní fọ́tò kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ má ya ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan, torí ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń kọ ìdí ẹ̀ sí.